Kì Í Ṣe Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Tó Pa

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, láti Ọjà Ọba dé ẹnu ọ̀nà bárékè Sóbì, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ń sọ. Sójà tó bá ti ojú ogun dé, tí ilẹ̀kùn ró gbà tó ta gìrì, tó ń kígbe lójú oorun, tó ń sá fún ibi ìnáwó, ẹ ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó pa ló ń jà á. Irọ́ ni. Irọ́ tó ń tú ilé ká sì ni.

Ta ni Isaac Fadoyebo pa? Ọmọ agbègbè Ọ̀wọ̀ ni, ọmọ ọdún 16 ló wọṣẹ́ ológun ní 1942, ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù kẹta 1944, ní Bọ́má, àwọn ọmọ ogun Jàpáàn ká òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ etí odò Kaladan. Ọta fọ́ egungun itan rẹ̀, òmíràn bà á níkùn. Ará abúlé kan ló fi í pamọ́ títí di oṣù kejìlá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ta jí lóru, ẹ̀jẹ̀ ta lẹ fẹ́ kà sí i lọ́rùn? Àwọn ọmọdé tí bọ́ǹbù já lù ní Bìáfírà ńkọ́, ta ni wọ́n pa?

Ọ̀gá tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó pàṣẹ tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn fi kú, ó ń sùn, ó ń hanrun. Àbí ẹ̀jẹ̀ ò mọ ilé tirẹ̀ ni?

Ara sójà ló kọ́ ẹ̀kọ́ lójú ogun: bí nǹkan bá ti ró, dọ̀bálẹ̀ kí o tó ronú. Ẹ̀kọ́ náà ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ogun wá parí, ara kò gbọ́. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Mi ò ní kí ẹ má lọ bá àáfáà o (bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì ẹlòmíràn ti tán sórí àgbò sàráà). Dókítà Lambo pàápàá, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró, Abẹ́òkúta, ní 1954, bá àwọn babaláwo ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àárín abúlé ló fi aláìsàn sí, pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Ẹ̀yin ń kó ọmọ kúrò lọ́dọ̀ baba!

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, ẹ ó pàtẹ́wọ́ fún àwọn sójà bí ẹyẹlé ti ń fò. Tó bá di ọjọ́ 16, wọ́n di apààyàn. Ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin ní dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ. Ẹ mú sójà yín lọ síbẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ sì bá a lọ.