Owó Tó Ń Gbé Agbo Ilé Dúró

Agbo ilé ni ọ̀pọ̀ arúgbó ní Òtu, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní Òkè-Ògùn, ti ń lo ọjọ́ alẹ́ wọn. Ẹbí ló ni ilé náà, kì í ṣe ẹnì kan. Ọmọ bàbá, ìyàwó ilé, opó àti ọmọ-osú tó ti ilé ọkọ padà wá ló jọ ń gbé ibẹ̀. Olúkálùkù ní yàrá tirẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, kànga, ẹ̀yìnkùlé àti ilé ìdáná jẹ́ ti gbogbo wọn. Baálé àti àwọn àgbà ilé ló ń pín yàrá, tí wọ́n ń parí ìjà, tí wọ́n sì ń pe ìpàdé. Kò sẹ́ni tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ ẹnìkejì.

Yàrá ọ̀fẹ́ yìí ni owó ìfẹ̀yìntì àgbẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, tó rọ́pò ti 2004, kan òṣìṣẹ́ ìjọba àti ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè: agbanisíṣẹ́ ń dá ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8. Ní 2019 ni ìjọba dá ètò mìíràn sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wù ló ń ṣe é. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gúsí kò gba owó oṣù rí débi tí wọn yóò yọ nínú rẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó fi owó ránṣẹ́, ilé ti gba ẹrù tó wúwo jù lọ lọ́rùn àgbà.

Àgbà náà kì í jókòó lásán. Ó ń bó ẹ̀gúsí, ó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́ tí wọ́n sá, ó sì ń ṣọ́ ọmọ kí ìyá ọmọ lè ráyè lọ sọ́jà. Kò sẹ́ni tó ń ka èyí mọ́ owó, àmọ́ bí kò bá sí, ìyá ọmọ ni yóò fi ọjọ́ ọjà rẹ̀ dí i.

Níbi owó àjọsan ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Nílé tó jẹ́ pé mítà kan ni gbogbo yàrá ń lò, tí wọ́n sì ń fi iye yàrá pín owó iná, ìyá arúgbó tó ní gílóòbù kan ń san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní fíríìjì àti fáànù méjì. Ìpàdé ilé ló yẹ kó tún un pín, bí ẹni tó ní fíríìjì bá gbà.

Òfin ti dáàbò bo àwọn tó ń gbé inú ilé ẹbí tipẹ́. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé ní Èkó ní 1908, lórí agbo ilé Olóyè Mábínúorí tó kú ní 1874, ilé ẹjọ́ gbà pé ọmọbìnrin pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ nínú ilé ẹbí. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti 1959 fi kún un pé bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìsí àwọn àgbààgbà, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Bí àwọn yòókù bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni. Nítorí náà, ó ṣòro kí ẹnì kan ṣoṣo ta ilé mọ́ arúgbó lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan kò lè tà, ẹnì kan kò lè fi dúró ní báńkì. Bí páànù bá ń jò, kò sí owó yíyá, ẹnìkínní sì ń wo ojú ẹnìkejì.

Ìgbà tí owó sábà máa ń dé ni ìgbà ìsìnkú. Àwọn ọmọ tó wà ní Ìbàdàn, Èkó àti òkè òkun á dáwó jọ, wọ́n á pààrọ̀ páànù, wọ́n á kun ilé, kí àlejò tó dé. Ẹni tí òjò ń pa lórí ibùsùn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn kò sí láyé láti gbádùn rẹ̀.

Ní Barnet, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn obìnrin kan tó ti lé ní 50 ọdún kọ́ ilé àjọgbé tó jọ agbo ilé láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ní 1998, wọ́n kó wọlé ní 2016. Yàrá-ńlá ìpàdé kan àti fúláàtì 25 ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní New Ground. 8 nínú fúláàtì náà wà fún àwọn tí kò lówó láti rà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ń ṣàkóso rẹ̀, wọn kò sì bára wọn tan. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ní láti kọ ohun gbogbo sílẹ̀: iye tí oníkálukú ń dá, iṣẹ́ tó ń ṣe, bí wọ́n ṣe ń pinnu.

Ìwé yẹn ni agbo ilé kò ní. Òtu kò ṣàìmọ ètò owó: èsúsú, àjọ àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń lọ déédéé níbẹ̀. Ẹbí tó bá fẹ́ kí ilé rẹ̀ dúró lè lo ọ̀nà kan náà: ìdáwó oṣooṣù, kékeré ni o, láti ọwọ́ gbogbo ọmọ ilé, nílé àti lẹ́yìn odi, àkáǹtì tí ẹni méjì ń fọwọ́ sí, àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń kà sétí ìpàdé, àti àṣẹ fún àwọn tó ń gbé inú ilé láti sọ àtúnṣe tó kàn. Orí páànù tó ń jò ni owó náà yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó kan ọ̀dà.