Ológbò Tó Ń Ṣọ́ Àgbàdo Wa Yẹ Kó Ní Ibùsùn Tirẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́, Pobè àti Sákétè, títí dé Atakpamé. Ọ̀rọ̀ ológbò la gbé wá lónìí. Àwọn kan ń pè é ní ológìnní, àwọn kan ń pè é ní músù. Orúkọ yòówù kí ẹ máa pè é, ìbéèrè wa ni pé: nílé yín, ibo ló ń sùn?

Ẹ ti rí àwọn àwòrán tó ń kiri lórí fóònù: yàrá tí àwọn Òyìnbó ṣe fún ológbò wọn, pẹpẹ lára ògiri, àkàbà kékeré, ibùsùn rírọ̀, ọ̀dà tó ń dán. Bí ẹnì kan bá ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ̀rín ló kù. Wọ́n á ní, "Ọmọ èèyàn ò rí yàrá sùn, ẹ ń wá yàrá fún ẹranko." Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. A ò ní kí ẹnikẹ́ni ya odindi yàrá sọ́tọ̀ níbi tí ọmọ márùn-ún ti ń pín ẹní kan. Ohun tí àwa ń sọ ni pé igun kan ṣoṣo tó fún ológbò, bí a bá fi làákàyè tò ó. Kò ní ná wa lówó púpọ̀, kò sì ní ba ẹwà ilé jẹ́.

Kí ló dé tí a fi ń da ara wa láàmú nítorí ológbò? Ẹni tó bá ń kó àgbàdo, ẹ̀wà tàbí gààrí pamọ́ mọ ohun tí eku ń fojú ẹni rí. Kì í sì í ṣe oúnjẹ nìkan. Lọ́dún 2016, ibà Lassa jà ní Tchaourou, lókè Ṣábẹ, ó sì pa èèyàn. Eku ló ń gbé àrùn yẹn kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń bà sórí oúnjẹ àti ohun èlò wa. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ka ohun tí a lè ṣe kí eku má bàa bá wa gbélé, wọ́n ní ká kó ọkà sínú ohun tí eku ò lè wọ̀, ká da ìdọ̀tí síbi tó jìnnà sílé, ká máa tún ilé ṣe, wọ́n sì ka níní ológbò mọ́ ọn. Àwọn àgbà wa ti sọ tiwọn tipẹ́: bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté.

Ṣùgbọ́n báwo ni ológbò ṣe máa dúró níbi tí kò ti ní àyè? À ń lé e lórí àga, à ń lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, bó bá sì ké lóru, àwọn kan á ní àjẹ́ ló dé. Èyí tí a bá lé títí, yóò wá ibòmíràn gbà. Bó ṣe ń rìn kiri lóru, ó lè jẹ eku tó ti jẹ oògùn eku nílé aládùúgbò, kó sì ti ibẹ̀ kú. Ó sì lè bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ mọ ohun tí à ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí igun náà ń fẹ́.

Àkọ́kọ́, ibi gíga. Ológbò lè sùn tó wákàtí 12 sí 16 lójúmọ́, ó sì fẹ́ ibi tó ti lè máa wo gbogbo ilé láìjẹ́ pé ọmọdé ń fa ìrù rẹ̀. Pákó kan tí gbẹ́nàgbẹ́nà kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ti tó. Àmọ́ kó má ga jù: nílé tí kò ní àjà, ooru abẹ́ páànù lọ́sàn-án kò ṣe é fara dà fún ẹran onírun.

Èkejì, ibi ìsápamọ́. Bí àlejò bá pọ̀ nílé tàbí tí òjò bá ń sán ààrá, ibi tó ṣókùnkùn ló ń wá. Ẹ mú ìkòkò amọ̀ ńlá tí ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́, ẹ dà á dùbúlẹ̀, ẹ fi òkúta tì í kó má bàa yí, kí ẹ tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀. Inú amọ̀ máa ń tutù. Ẹni tí kò bá ní ìkòkò lè lo apẹ̀rẹ̀ tàbí páálí.

Ẹ̀kẹta, ibi tí yóò máa họ. Kì í ṣe pé ológbò kórìíra àga wa. Èèpo ògbólógbòó ló ń bọ́ kúrò lára èékánná rẹ̀, ó sì ń fi òórùn ara rẹ̀ sàmì síbẹ̀. Ẹ ri òpó igi kan mọ́lẹ̀ dáadáa, kó ga tó ibi tí yóò ti lè na ara rẹ̀ tán, kí ẹ fi okùn tàbí àpò ìdọ̀họ wé e. Bí òpó náà bá ń mì, kò ní lò ó, àga yín ló máa padà sí.

Ẹ̀kẹrin, iyanrìn. Abọ́ oníke pẹrẹsẹ kan àti iyanrìn gbígbẹ ti tó, kó sáà jìnnà sí oúnjẹ àti omi rẹ̀. Ẹ máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ dànù lójoojúmọ́. Kòkòrò àrùn kan lè wà nínú rẹ̀ tó lè ṣe ọmọ inú oyún léṣe, ṣùgbọ́n ó tó ọjọ́ kan ó kéré tán kó tó lè ran èèyàn. Nítorí náà, kí aboyún má fọwọ́ kàn án. Kí ẹlòmíràn nílé bá a ṣe é, kó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ.

Ẹ̀karùn-ún, abọ́ oúnjẹ àti omi tó mọ́. Àwọn kan ń sọ pé bí a bá fún ológbò lóúnjẹ, kò ní pa eku mọ́. Irọ́ ni. Ológbò tó yó ṣì ń dọdẹ, nítorí pé ọdẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ebi ń pa ló ń jí ẹja nínú ìkòkò.

Ní ti ẹwà, ẹ bẹ aránṣọ yín kó fi àjákù àǹkárá rán ìrọ̀rí kan tó bá aṣọ fèrèsé yín mu, kó sì ṣe é bọ́ fọ̀. Ẹ kun pákó náà ní ọ̀dà ògiri. Ta ló máa wọlé tó máa mọ̀ pé ológbò ló ni ín? Bí ẹ bá lówó láti ra ti òkè òkun, ẹ rà á, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ológbò bá fi í sílẹ̀ lọ sùn sínú páálí tí wọ́n fi dì í wá.

Ohun kan ṣoṣo la ò ní gbà: kí ẹnì kan tọ́jú ológbò, kó tún máa da oògùn eku sílẹ̀ nílé kan náà. Ẹ mú ọ̀kan. Ní tiwa, ológbò la mú. Ẹni tó ń bá wa ṣọ́ àgbàdo lóru, kò yẹ ká máa fi ìgbálẹ̀ lé e lọ́sàn-án.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ fi igun ológbò yín hàn wá, kí àwa náà kọ́gbọ́n níbẹ̀.