Kápúsù Mẹ́rin Kò Lè Wo Ìtọ̀ Tó Ń Ta

Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, bí ìtọ̀ bá ti ń ta ẹnì kan, "toilet infection" la máa ń pè é. Orúkọ yẹn ló kọ́kọ́ ń ṣì wá lọ́nà. E. coli ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àrùn yìí, inú ìfun wa gan-an ló sì ń gbé. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kúrú, ó sì sún mọ́ ihò ìdí, ìyẹn ló fi ń yọ obìnrin lẹ́nu ju ọkùnrin lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe. Ṣùgbọ́n nítorí ìtìjú, ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì la máa ń sá lọ: kápúsù mẹ́rin, ó parí.

Kápúsù mẹ́rin á pa àwọn kòkòrò tí kò lágbára, ara á tù wá, àwọn alágbára á ṣẹ́ kù. Bí àyè bá gba E. coli, ọ̀kan lè di méjì láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Èyí tó tún burú ni pé wọ́n máa ń fún ara wọn ní plasmid, òrùka DNA tó lè gbé ọgbọ́n àtiborí oògùn; kòkòrò tí kò rí oògùn náà rí á ti mọ bí òun ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ampicillin tí à ń gbé mì nítorí ọ̀fìnkìn ńkọ́? Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, oògùn yẹn ò ràn án, inú ìfun kan náà ló sì ń gbà kọjá. Láti 1945, nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel, ni Alexander Fleming ti kìlọ̀ nípa lílo oògùn tí kò tó.

Àwọn kan á ní owó ni kò sí. Òótọ́ ni, a ò sì ní bú ẹni tó ra ohun tí agbára rẹ̀ ká. Àwọn ilé ìwòsàn inú ọgbà la fẹ́ bá wí. Kí ló dé tí wọ́n á fi kọ ciprofloxacin fún akẹ́kọ̀ọ́ tí àrùn yìí ń padà sí lára, láìgba ìtọ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò? Wọ́n á gbin kòkòrò náà sórí àwo, wọ́n á to bébà kéékèèké tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn lé e. Èyí tí kòkòrò bá sá fún dáadáa ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni. (Ẹni tí ibà bá mú, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn sì ń dùn ún, kó má dúró de èsì o. Ó lè ti dé kíndìnrín. Kó rí dókítà lọ́jọ́ náà.)

Ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde, géètì tí ẹ̀ ń kọ́ fún wa lẹ́wà. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbin kòkòrò fún láàbù ilé ìwòsàn.