Bakitéríà ń jẹ epo rọ̀bì, kí ló dé tí ilẹ̀ Ogoni kò tíì mọ́?

Bí ẹ bá gbọ́ pé ohun abẹ̀mí kan wà nínú ilẹ̀ tó ń jẹ epo rọ̀bì, ẹ má pè é ní àlọ́. Bakitéríà ni, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, ó sì wà jàǹtìrẹrẹ nínú ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan ṣoṣo. Ọlọ́hun tó fi epo sábẹ́ ilẹ̀ ló dá èyí tí yóò jẹ ẹ́. Bí epo bá dà sílẹ̀, àwọn tó lè jẹ ẹ́ á máa pọ̀ sí i, wọ́n á sì máa tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n epo nìkan kò yó wọn. Nígbà tí ọkọ̀ Exxon Valdez da epo sétí òkun Alaska ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1989, wọ́n wọ́n ajílẹ̀ sórí iyanrìn àti òkúta etí òkun. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ gbin nǹkan síbẹ̀ o. Náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ajílẹ̀ ni bakitéríà ń fẹ́, iṣẹ́ sì yá sí i láwọn ibì kan. Ó tún ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí gan-an ni wọ́n fojú fò ní Ogoni, ní ìpínlẹ̀ Rivers. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń pè ní àtúnṣe ilẹ̀ níbẹ̀ ni pé kí wọ́n tú ilẹ̀ òkè, kí wọ́n da ajílẹ̀ sí i, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún bakitéríà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde pé ọ̀nà náà kò ṣiṣẹ́. Ní ibi 49, epo ti wọlẹ̀ tó mítà márùn-ún, ó kéré tán. Ọkọ́ wo ló máa dé ibẹ̀? Bí afẹ́fẹ́ kò bá dé ibẹ̀, kí ni bakitéríà tó nílò afẹ́fẹ́ fẹ́ ṣe? Ó dà bí ẹni tó nu ojú egbò nígbà tí ọyún wà nísàlẹ̀. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà náà wu àwọn aláṣẹ nítorí pé owó rẹ̀ kéré.

Ní Nisisioken Ogale, bẹ́nsíìnì, kẹ́míkà tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ, wà nínú omi kànga tí wọ́n ń mu ju ìlọ́po 900 ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà. UNEP ní àtúnṣe Ogoni lè gba ọdún 25 sí 30, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi bílíọ̀nù kan dọ́là bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún 2016 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Yemi Osinbajo, igbákejì Ààrẹ nígbà náà, tó lọ ṣí iṣẹ́ náà ní Bodo. Ọdún márùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ lásán. Bí páìpù ògbólógbòó bá sì tún ń jò, tí àwọn tó ń fọ epo nínú igbó kò dáwọ́ dúró, epo tuntun ni yóò máa bo ilẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ní Baruwa, lọ́nà Ìpájà nílùú Èkó, epo pẹtiróò tó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti ba kànga àwọn ará àdúgbò jẹ́. Nílé kéwú, a kọ́ ọmọdé pé kó wo àwọ̀ omi, kó tọ́ ọ wò, kó gbóòórùn rẹ̀ kó tó fi ṣe àlùwàlá. Ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn, àmọ́ bẹ́nsíìnì tó lè pani lára lè wà nínú omi tí imú kò ní gbóòórùn rẹ̀ rárá. Ẹni tí kànga rẹ̀ bá sún mọ́ páìpù epo tàbí ilé epo, kó gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò. Kó má sì rò pé sísè ni yóò gbà á sílẹ̀, nítorí ooru rẹ̀ ni àwọn ará ilé yóò máa fà símú.