Ẹ̀rí Ọjọ́ Kìn-ín-ní

Kò sí ọmọ ènìyàn tí kì í fẹ́ràn ohun tuntun. Ìyàwó ọ̀ṣìngín a máa rí ìkẹ́. Aṣọ tuntun kì í fẹ́ kúrò lára ọmọdé. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù a sì máa jí lóru láti wò ó bóyá ó ṣì wà ní ibi tí ó gbé e sí. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní èrò tèmi, ẹ̀rí tí ènìyàn bá jẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní tí ó gun alùpùpù tuntun kì í ṣe ẹ̀rí tí a lè gbára lé. Ẹni tí ó bá sì sọ ibi tí ó dùn, tí ó fi ibi tí ó le pamọ́, ó ti ṣe ẹni tí ń gbọ́ ọ ní ibi. Mo mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí pé èmi fúnra mi ti jẹ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rí.

Ní agbègbè wa, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, àti láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, alùpùpù ti di ẹsẹ̀ fún tọmọdé tàgbà. Òun ni ó ń gbé àgbẹ̀ lọ sí oko, tí ó sì ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé-ìwé. Ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní ọdún 2011, tí ó sì ní ọgbà mìíràn ní Ìkọ̀lé, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gùn ún lọ sí ẹnu ẹ̀kọ́ wọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Àbúrò mi, tí ó jẹ́ káfíńtà ní Ìkọ̀lé, ni ó ra alùpùpù kan láti Èkó. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń kó èrò. Irin méjì tí ó di táyà iwájú rẹ̀ mú gùn, ó sì nà jáde bí ọrùn lékeléke. Ìdìmú ọwọ́ rẹ̀ ga tó èjìká ẹni tí ó bá gùn ún. Ìjókòó rẹ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó lé e dà bí ẹni tí ó rọ̀gbọ̀kú. Chopper ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú rẹ̀.

Orúkọ náà jẹ mọ́ gígé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì tí ó parí ní ọdún 1945, àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó padà sí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohun tí wọ́n kà sí àṣelékè kúrò lára alùpùpù wọn, kí ó lè fúyẹ́, kí ó sì lè sáré. Nígbà tí ó yá, àwọn mìíràn fi kún irin iwájú rẹ̀ títí tí ó fi gùn. Fíìmù kan tí a ń pè ní Easy Rider, tí ó jáde ní ọdún 1969, ni ó sọ irú alùpùpù yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ó yẹ kí ọmọ adúláwọ̀ mọ̀ pé àwọn aláwọ̀ dúdú méjì ní Amẹ́ríkà, Cliff Vaughs àti Ben Hardy, wà lára àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn ṣe àwọn alùpùpù inú fíìmù náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ gan-an kí a tó máa dárúkọ wọn.

Nítorí pé ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gun alùpùpù, àbúrò mi wí fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gùn ún wò, kí ẹ sọ bí ó ti rí fún mi." Mo gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo sì dojú kọ ọ̀nà Ọ̀yẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún yín: ó dùn. Bí mo ti fún un ní iná díẹ̀ báyìí, ó gbà, ó sì ń kùn lábẹ́ mi bí ẹranko ńlá tí inú rẹ̀ dùn. Mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì síwájú, mo gbé apá sókè, atẹ́gùn òwúrọ̀ ń fẹ́ lu àyà mi, ìrì ṣì wà lórí koríko ẹ̀bá ọ̀nà. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti tọ́, alùpùpù náà ń lọ geere bí ẹni pé ó mọ ibi tí mo ń lọ. Àwọn ọmọdé ń juwọ́ sí mi, mo sì ń mi orí sí wọn bí ìjòyè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé Ọ̀yẹ́ tí mo fẹ́ yí padà, ọ̀rọ̀ yí padà pẹ̀lú. Mo rọra yí ìdìmú ọwọ́ rẹ̀, iwájú rẹ̀ sì wúwo, ó fẹ́ já lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Títì tí ọ̀kadà lásán ì bá yí lórí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan kò gbà mí. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi ti ilẹ̀, mo tì í sẹ́yìn, mo sì tì í síwájú, kí n tó rí i yí. Ìyá kan tí ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀bá ọ̀nà wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Kí n tó dé Ìkọ̀lé, mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ọkàn mi.

Nígbà tí àbúrò mi bi mí bí ó ti rí, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti pé yí wa ká. Mo wí fún un pé, "Bí ẹni tí ó jókòó lórí àga ọba ni." Wọ́n hó yèè. N kò sọ ti ìyípadà tí mo ṣe ní Ọ̀yẹ́, nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹ̀rín wọ inú ìyìn tí mo ń gbà. Àwọn àgbà ní ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ balẹ̀, èyí tí n kò sọ ni ó sì fọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí àbúrò mi ń bọ̀ láti Ìfàkì lẹ́yìn òjò. Ó dé ibi tí ọ̀nà ti kọrọ, tí àgbàrá ti wọ́ òkúta wẹ́wẹ́ sí. Ó yí i bí ó ti máa ń yí alùpùpù kékeré tí ó ti ń yá gùn tẹ́lẹ̀. Kò yí tó. Ẹ̀rù bà á, ó fi ipá fa bíréèkì iwájú, táyà yọ̀, ó sì ṣubú. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kan ṣẹ́, ọ̀pá èéfín sì jó o ní ojúgun. Ní ilé-ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Ìdó ni mo ti bá a. Kò bínú. Ó kàn wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kò sọ fún mi pé kì í tètè yí." N kò rí èsì kankan fọ̀.

Ìdí tí kò fi tètè yí kò ṣòro láti mọ̀. Bí irin iwájú alùpùpù bá ti gùn tó, tí ó sì dà síwájú tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò dúró ṣinṣin tó lórí ọ̀nà tí ó tọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò sì wúwo tó nígbà tí a bá fẹ́ yí i jẹ́jẹ́. Ohun kan náà ni ó bí adùn rẹ̀ àti ìṣòro rẹ̀. Ọ̀nà gbọọrọ ni ó bá mu jù, kì í ṣe ọ̀nà tí ó ń kọrọ yí òkè ká, tí ewúrẹ́ sì lè sáré wọ̀ nígbàkúgbà. Pẹ̀lúpẹ̀lù, alùpùpù tuntun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ara rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Táyà tuntun a máa yọ̀ ju èyí tí ó ti rìn díẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì pàápàá a máa kìlọ̀ pé kí a má fún un ní iná àfúnjù ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá nílò sùúrù kí ara rẹ̀ tó balẹ̀, mélòó mélòó ni ẹni tí ń gùn ún?

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá ń ro gbogbo ewu, a kò ní gun ohunkóhun, àti pé ayọ̀ ọ̀dọ́ kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà yẹ kí ó máa pa. Òtítọ́ ni. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ayọ̀ kì í ṣe ìmọ̀. Ẹni tí ó gun ẹ̀rọ ní òwúrọ̀ kan, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò tíì mọ̀ ọ́n nínú òjò, kò tíì mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ ọjà, kò sì tíì mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá gbé èrò sẹ́yìn.

Ohun kan ni ó kó àbúrò mi yọ: ó dé àṣíborí gidi, òun ni ó sì gba òkúta náà dípò orí rẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú àwọn ọlọ́kadà láti dé àṣíborí ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2009, àwọn kan gbẹ́ igbá, wọ́n dé e, kí wọ́n lè jọ ẹni tí ó pa òfin mọ́. A rẹ́rìn-ín wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìyìn tí mo yin alùpùpù náà kò yàtọ̀ sí igbá wọn: ó dára ní ojú, kò sì lè gba ẹnikẹ́ni là. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀.

Ọwọ́ àbúrò mi ti san. Kò ta alùpùpù náà. Kí ó tó tún gbé e jáde sí títì, ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ó fi ń yí i po ní pápá ìṣeré, jẹ́jẹ́, ní ọ̀tún àti ní òsì, títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀yin náà yóò gun ohun tuntun, tí ẹni kan yóò sì bi yín pé, "Báwo ni ó ti rí?" Ẹ sọ ti adùn rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, bí ẹ̀rín tilẹ̀ fẹ́ pa àwọn tí ó dúró, ẹ sọ ti ibi tí ẹ ti fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀.