Ọ̀rọ̀ Táyà: Pápá Eré Kò Jọ Ọ̀nà Mulhuddart

Ọ̀rọ̀ táyà ọkọ̀ ni mo mú wá lónìí. Kí ẹni tí kò ní ọkọ̀ má ṣe fò ó kọjá, nítorí ọkọ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbé òun náà délé bí iṣẹ́ alẹ́ bá parí.

Láàárín àwa tí a ń gbé Mulhuddart àti Blanchardstown, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán: táyà wo ló dára jù? Àwọn kan a máa tọ́ka sí àbájáde ìdánwò orí pápá eré ọkọ̀, irú pápá tó wà ní Mondello Park lẹ́bàá Naas, èyí tí wọ́n ṣí ní 1968. Táyà tí ó bá yára yí pápá ká jù lọ, òun ni ààyò wọn. Wọn a ní èyí tí wọ́n ń pè ní all-season, tí èmi yóò máa pè ní táyà tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò, kò já mọ́ nǹkan kan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Pápá kò purọ́, ìbéèrè ẹlòmíràn ni ó ń dáhùn. Níbẹ̀, ilẹ̀ gbẹ, táyà ti gbóná, awakọ̀ sì mọ kọ́nà tí ń bọ̀. Rọ́bà táyà ẹ̀ẹ̀rùn le, ojú rẹ̀ kò sì ní ìlà púpọ̀, nítorí náà ó ń dúró gírí. Ti tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò rọ̀ jù ú lọ, wọ́n sì fín ìlà wẹ́wẹ́ sí i lójú bí ẹni kọ gọ̀ǹbọ́. Bí a bá sáré wọ kọ́nà nínú ooru, ojú rẹ̀ a máa mì, eré a sì dín. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí òtútù dé ìwọ̀n 7°C sísàlẹ̀: rọ́bà ẹ̀ẹ̀rùn a bẹ̀rẹ̀ sí í gan bí ẹ̀bà àná, ti tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò a ṣì rọ̀, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yẹn a sì máa di ilẹ̀ tútù mú.

Báwo sì ni ojú ọjọ́ wa ti rí? Ní oṣù kìíní, nǹkan bí 5°C ni Dublin ń wà. Òjò ibí yìí lọ́dún, bíi 750 mílímítà, kò ju bí ìdajì ti Èkó lọ. Àmọ́ òjò Èkó a rọ̀, a dá, oòrùn a sì lá ilẹ̀ gbẹ. Ti ibí a máa wọ́n wínníwínní láti àárọ̀ dalẹ́, títì N3 a sì tutù rinrin. Ìwé ìgbélùú wa gba 20 wákàtí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń fi òru ṣe é nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tàbí nílé ìkẹ́rùsí. Oorun á wà lójú wa bí a ti ń bọ̀ ní ìdájí, ilẹ̀ á máa yọ̀, ọmọ ilé-ìwé kan á sì já sí títì lójijì. Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan fi kan ilẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ni ó gbé àwa àti ọmọ ọlọ́mọ dúró. Kí ni ẹni tí ó yára yí Mondello ká fẹ́ sọ fún wa níbẹ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà kí ẹ tó sanwó. Lẹ́tà W níbẹ̀ túmọ̀ sí 270 kìlómítà ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ òfin ọ̀nà márosẹ̀ níbí kò kọjá 120. (Ẹ má ṣáà lọ sísàlẹ̀ èyí tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ.) Àmì M+S nìkan kò tó, nítorí oníṣẹ́ táyà lè kọ ọ́ láìṣe ìdánwò kankan. Àwòrán òkè onígun mẹ́ta tí yìnyín wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ wá, ìdánwò orí yìnyín ni ó ń fún un. Ẹni tó wà níbí ní oṣù kẹta 2018 kò ní bi mí pé yìnyín wo.

Mo mọ̀ pé owó ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, mẹ́rin olówó àárín, tuntun, tó bára mu, sàn ju méjì olórúkọ ńlá pẹ̀lú méjì àlòkù lọ. Nọ́ḿbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT ni ọjọ́ orí táyà: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Òfin ní kí ìlà má jìn dín ní mílímítà 1.6, àwọn aláàbò ojú pópó sì ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti kù 3. Táyà tó jẹ kọjá òfin a máa fa pọ́ìntì ìjìyà 2, ẹni tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kò gbọdọ̀ pé 7.

Àwọn tó sì ń kó àlòkù jọ láti fi ránṣẹ́ sí Àpápá, òfin Nàìjíríà kò gba táyà àlòkù ti ọkọ̀ kékeré wọlé. Èyí tí a kọ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tiwa, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ta ni a fẹ́ fi í sí ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn?

Mo bẹ àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa kí wọ́n ra ohun kékeré tí a fi ń wọn ìlà táyà, kí akápò máa mú un wá sí ìpàdé. Kí a jọ jáde síta kí oúnjẹ tó dé, kí a yẹ gbogbo ọkọ̀ wò, ti alága ni kí a fi bẹ̀rẹ̀.