Kí Ilé-Ẹ̀kọ́ Panápaná Kọ́ Wọn ní Yorùbá Pẹ̀lú

Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àmọ́ ẹni tó bá mọ Ìjù, ní Ọ̀tà, mọ̀ pé ó jọ pé a ti ń fi í sùn. Lójú ọ̀nà Ìdíìrókò, ilé iṣẹ́ pọ̀, tírélà àti ọkọ̀ agbépo ń kọjá tọ̀sán-tòru, ilé àwọn èèyàn kò sì jìnnà sí wọn. Ìdí nìyí tí a fi ní ọ̀rọ̀ sọ lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn panápaná wa.

Ní 1901, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá ẹgbẹ́ panápaná sílẹ̀ l'Ékòó, lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá. Ní 1963, òfin fìdí iṣẹ́ panápaná ìjọba àpapọ̀ múlẹ̀. Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ àgbà wọn wà ní Sheda, l'Ábújá. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. A kò bá wọn jà sí i: ọmọ Kánò àti ọmọ Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ gbọ́ra wọn yé lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ panápaná kò mọ sí omi títú nìkan. Òun ló yẹ kó kìlọ̀ fún èrò pé kí wọ́n má da omi sí epo tó ń jó, torí epo á léfòó sórí omi, iná á sì tàn ká. Òun ló yẹ kó sọ fún ìyá olóúnjẹ pé gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Bó bá gbóòórùn rẹ̀, kó má ṣá ìṣáná, kó má sì fọwọ́ kan iná mànàmáná. Òun ló yẹ kó kọ́ òṣìṣẹ́ pé èéfín lè pa èèyàn kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà kó tẹ̀ ba, kó rá jáde.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan gbiná nítòsí afárá Ọ̀tẹ́dọlá, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ tó lé ní 50 ló jóná, ẹ̀mí sì ṣòfò. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sáyè fún ẹnikẹ́ni láti máa túmọ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé gbogbo ayé kọ́ ló ń sọ Yorùbá ní Ọ̀tà. Òótọ́ ni. Ìlú Àwórì ni, àmọ́ iṣẹ́ ti kó Ẹ̀gùn, Ìgbò àti àwọn mìíràn wá síbẹ̀. Kí wọ́n fi Ẹ̀gùn àti pidgin kún un. Ohun tí a ń sọ ni pé kí panápaná tó bá máa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa lè fi èdè àdúgbò pàṣẹ kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá náà ní ipa tiwa. «Fire Exit» ni wọ́n máa ń kọ sára ògiri. Kí ló dé tí a kò lè kọ «Ọ̀nà Àsálà» sábẹ́ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, kí a mú un lọ bá àwọn panápaná Ògùn, kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ àṣekágbá tó lè gba ẹ̀mí là kò pọ̀ ní ẹ̀ka wa. Èyí wà ńlẹ̀.